Àmọ̀kẹ́ Onípákó Tó Sọ Ìmọ́lẹ̀ Lórúkọ

Ní ọjà pákó Bódìjà, kò sí ẹni tí kò mọ Àmọ̀kẹ́. Kì í ṣe pé ó lówó ju àwọn yòókù lọ o. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju igun kékeré kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlagi tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, àfárá àti ìrókò díẹ̀ ló sì ń tò jọ síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ agbégi bá ti já ẹrù sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó na téèpù sí igi lára, Àmọ̀kẹ́ á ti sọ igi náà lórúkọ. Èyí tó bá wọ́ á di Aláìgbọràn, èyí tó bá dán tó sì tọ́ á di Ìyàwó Tuntun. Káfíńtà á ti àdúgbò Ṣàngó wá, á ní òun fẹ́ Ìyàwó Tuntun mẹ́rin, gbogbo ọjà á sì mọ ohun tó ń wí. Bí ẹnì kan bá bímọ láàárín wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Á béèrè bí ọmọ ṣe wáyé, bóyá òjò ń rọ̀ ni, bóyá bàbá rẹ̀ wà nílé tàbí ó wà lẹ́yìn odi, ohun tójú ìyá rẹ̀ rí kó tó bí i. Á wá dárúkọ kan, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó sọ pé orúkọ náà kò bá ọmọ mu.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ọmọ nílé tirẹ̀. Ó ti bí mẹ́ta rí. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró, nígbà tí ìkẹta dé, àwọn àgbà ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́, kí ikú lè gbọ́ pé kò sí ohun tí wọn yóò fi gbẹ́lẹ̀, kó sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, ó ti ń gun orí òkìtì ìyẹ̀fun pákó lẹ́yìn ìsọ̀ ìyá rẹ̀, kí àìsàn èèyi tó mú un lọ. Ọkọ Àmọ̀kẹ́, tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó gẹdú, gba ọ̀nà Oǹdó lọ lọ́dún yẹn, kò sì padà mọ́. Ẹni tó ṣẹ́kù fún un láyé ni Fèyísọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Àwọn òbí wọn tètè kú. Àmọ̀kẹ́ ló pọn Fèyísọ́lá wá sí Ìbàdàn, òun tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin ló sì fi owó pákó rán àbúrò rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Yàrá kan ní Àgbowó ni àwọn méjèèjì ń gbé nígbà náà, títì lásán ló wà láàárín wọn àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Fèyísọ́lá kẹ́kọ̀ọ́ fíísíìsì, ó sì di olùkọ́ nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Baṣọ̀run. Kò pe Àmọ̀kẹ́ lórúkọ rí. Àǹtí mi ló ń pè é, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo alágbàárù, kódà lẹ́yìn tí ó ti di ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kúnlẹ̀ kí.

Lọ́dún 1993, ilé iṣẹ́ rédíò kan ké sí Fèyísọ́lá pé kó máa wá fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ ni olóòtú ètò náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní lẹ́nu, pé kí olùgbọ́ má ṣe yí rédíò síbòmíràn. Fèyísọ́lá ní òun máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ọ̀rọ̀ náà wù ú gan-an, àmọ́ nígbà tó jókòó láti kọ ọ́, ó rí i pé àwọn ìmọ́lẹ̀ náà kò ní orúkọ tí ìyá arúgbó kan lè gbọ́ kó sì rántí. Ló bá gbéra lọ́jọ́ Sátidé, ó di ìsọ̀ pákó.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, Fèyísọ́lá á jókòó sórí pákó, á sọ bí ìmọ́lẹ̀ kan ṣe wáyé, Àmọ̀kẹ́ á fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìbímọ, á wá sọ ọ́ lórúkọ. Èyí àkọ́kọ́, ará Ìlú Ọba kan ló rí i. Ó fi dígí la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ oríṣiríṣi, ó fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọ̀kan sẹ́yìn pupa, níbi tí kò ti sí nǹkan kan. Ibi tí kò sí nǹkan yẹn ló gbóná jù. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá pè é ní ìsàlẹ̀ pupa. Àmọ̀kẹ́ ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, àdírẹ́sì ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ni èyí tó ń ti ara irin ẹ̀rọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, tí irin ò pọ́n tí kò sì ṣèéfín, tí á sì jó ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ó pè é ní Ooru Kẹ́lẹ́.

Èkejì, ará Jámánì kan ló gbọ́ ti àkọ́kọ́, tó ní kí òun wo ẹ̀yìn àwọ̀ tó wà ní òdì kejì. Ó fi bébà tí wọ́n fi oògùn fàdákà pa lára síbẹ̀, bébà sì dúdú kíákíá níbi tí ojú kò rí àwọ̀ kankan. Ìkọjá àwọ̀ àlùkò ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún. Àmọ̀kẹ́ kàn gbé pákó kan tó wà lókè kúrò, ó sì fi àmì han àbúrò rẹ̀ lára èyí tó wà lábẹ́. Ibi tí oòrùn ti ń pa á ti ṣú, ibi tí pákó òkè bò mọ́lẹ̀ ṣì funfun. Ó pe ìyẹn ní Apàwọ̀dà. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ́síréè, Fèyísọ́lá sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí i kò mọ ohun tó jẹ́, ó kàn fún un ní lẹ́tà tí àwọn oníṣirò máa ń fi dúró fún ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Àmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tó gbà pé òun kò mọ̀ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku gámà. Ará Faransé kan ló rí i, kò sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlòmíràn tó ti rí ìtànṣán méjì ṣáájú, tó sì ti fi lẹ́tà ìkíní àti ìkejì àwọn Gíríìkì pè wọ́n, ló fún un ní lẹ́tà ìkẹta. Kíá ni Àmọ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ ti tán, èyí tó tẹ̀lé méjì ni Ìdòwú. Orúkọ náà dára, Fèyísọ́lá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ lẹ́tí. Ó ní Ìdòwú ti rọ̀ jù, kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ló bá jókòó, ó ròyìn bọ́ǹbù Jàpáàn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí ṣe gba ara àwọn ènìyàn kọjá, tí irun wọn ń já, tí ẹran ara wọn ń jẹrà láìsí ọgbẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, olùkọ́ ni. Kò sọ pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń wo àìsàn sàn. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ìdajì tó dùn-ún gbọ́ ló mú, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀. Àmọ̀kẹ́ wá ní, ó dáa, Ajẹranjeegun ni kí wọ́n máa pè é. Fèyísọ́lá pàtẹ́wọ́.

Orúkọ yẹn tàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Láàárín oṣù kan, àwọn alágbàárù ti fi ń pe ẹ̀rọ ìlagi, àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pe olùkọ́ ìṣirò wọn. Àwọn awakọ̀ tasí ní Dùgbẹ̀ fi ń pe ọlọ́pàá kan tó burú. Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ á gbé rédíò sórí pákó, á yí i sókè dé ibi tó lè dé, gbogbo ìsọ̀ á péjọ, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Kò sí ẹni tó rò pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, lásìkò tí epo bẹntiróò ṣọ̀wọ́n tí àwọn ọkọ̀ gẹdú kò rí ọ̀nà wá mọ́, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Àmọ̀kẹ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ó fi pamọ́ fún àbúrò rẹ̀, ìgbà tí Fèyísọ́lá rí aṣọ tó sá sẹ́yìn ilé ló tó mọ̀. Wọ́n gba ọsibítù ńlá lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya ẹ́síréè àyà rẹ̀, ó sì rọra dúró fún ìyẹn, ó tún ń bá ẹni tó ń yà á ṣàwàdà. Dókítà Olúbùsọ́lá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, wá jókòó tì wọ́n. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ẹnu ilé ọmọ ló wà, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi pa á. Ó ní bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ìrètí wà dáadáa, òun ti rí àwọn obìnrin tó padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ìròyìn ayọ̀ ni, Fèyísọ́lá sì mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ó dìde láti lọ gba káàdì. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Yéjídé ló dúró ti Àmọ̀kẹ́, ọmọ dáadáa ni, ó rí i pé ojú ìyá náà kò balẹ̀, ó sì fẹ́ fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tù ú nínú.

“Màmá, ẹ má fòyà,” ó ní. “Gámà ni, ìmọ́lẹ̀ lásán. Ẹ ó ti máa gbọ́ ọ lórí rédíò, òun ni wọ́n ń pè ní Ajẹranjeegun.”

Nígbà tí Fèyísọ́lá padà dé, àga ti ṣófo. Àmọ̀kẹ́ ti tún ìró rẹ̀ ró, ó ti wà lójú títì, ó ń wá ọkọ̀ Bódìjà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Fèyísọ́lá gbà pé òun máa yí i lọ́kàn padà. Ó lọ bá a ní ìsọ̀, ó ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń dín agbára ìmọ́lẹ̀ náà kù, bí wọ́n ṣe ń dojú rẹ̀ kọ ibi tí àìsàn wà nìkan. Àmọ̀kẹ́ kò bínú. Ó ń fi aṣọ nu eruku lára pákó. Ó ní nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, kí ló dé tí òun kò gbọ́ gbogbo ìyẹn?

“Àǹtí mi, orúkọ lásán ni,” Fèyísọ́lá ní.

“Èmi kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Ìwọ lo ròyìn rẹ̀ fún mi, ohun tó o rò ni mo gbọ́ tí mo fi sọ ọ́. Mi ò lè mọ ohun tó ń jẹ́ tán, kí n tún lọ tẹ́ra sílẹ̀ fún un.”

Ìbẹ̀rù ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gùn ún, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ láé. Ó ní, “Ṣebí Kòsọ́kọ́ lẹ pe ọmọ yín. Ṣé torí ẹ pè é bẹ́ẹ̀, ọkọ́ wá tán láyé ni?”

Àmọ̀kẹ́ fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Wọ́n rí ọkọ́, Fèyí,” ó ní.

Fèyísọ́lá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti borí nínú àríyànjiyàn náà. Bí orúkọ kò bá lè dá ikú padà lẹ́yìn ọmọ, kò lè fi ikú sínú ìmọ́lẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́ sójú obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń wo orí òkìtì ìyẹ̀fun pákó báyìí, tí omi ti lé ròrò sí i lójú? Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì gba ilé lọ. Títí dòní ni kò tíì mọ̀ bóyá àánú ló ṣe lọ́jọ́ náà tàbí ìkà.

Ó wá gbìyànjú ọ̀nà tó kù. Ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ kó fún òun láyè kan sí i lórí ọ̀rọ̀ gámà. Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ ní àwọn ti sọ ìyẹn kọjá, àmọ́ nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbà. Lọ́jọ́ náà, Fèyísọ́lá sọ ìdajì tó fi sílẹ̀ nígbà kìíní. Ó sọ ọ́ láìku ẹyọ kan. Àwọn olùgbọ́ kọ̀wé wá pé ètò náà kò dùn tó ti àtẹ̀yìnwá. Ó sáré lọ sí Bódìjà, ó bá Àmọ̀kẹ́ tó jókòó ti rédíò tí wọ́n ti pa. Àmọ̀kẹ́ kí i kú iṣẹ́, ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì wọ òun lára. Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ̀ pé nítorí òun ló ṣe sọ ọ́. Ó ní nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, tí kò sí ohun tó ń wá, ohun tó sọ nígbà yẹn lòun gbà gbọ́. Fèyísọ́lá gbé àpò rẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀. Bí àjèjì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ì bá jà.

Oṣù ń lọ. Àmọ̀kẹ́ ń mu àgbo tí ìyá kan ń gbé wá fún un, ó ń tà, ó ń rà, ó sì ń gbẹ lọ. Àwọn alágbàárù kò jẹ́ kó gbé pákó mọ́. Ó ṣì ń sọ igi lórúkọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé bí ẹ̀rọ bá ń ké, wọn kì í gbọ́ ọ, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Hàrúnà, olórí àwọn alágbàárù, ló gbé e sínú ọkọ̀ pákó lọ sí ọsibítù, ó sì ránṣẹ́ sí Fèyísọ́lá ní ilé ìwé.

Dókítà Olúbùsọ́lá kò bá wọn wí. Ì bá tilẹ̀ sàn kó bá wọn wí. Ó pe Fèyísọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àìsàn náà ti dé ibi tí ọwọ́ kò tó mọ́, ó ti wọ kíndìnrín. Ó ní wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ náà dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kó lè jókòó láàárín ènìyàn, kó sì rí oorun sùn. Kò sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Fèyísọ́lá béèrè pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá ńkọ́. Dókítà wo ilẹ̀, ó ní kó má bi òun ní ìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, Àmọ̀kẹ́ ló fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé òun lọ síbi ẹ̀rọ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òórùn ara òun ń ti òun lójú, bí Ajẹranjeegun bá fẹ́ jẹ òun, kó tètè jẹ òun tán. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ, gbogbo wọn jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ńlá náà. Fèyísọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ti kọ́ ọmọ bí ẹgbẹ̀rún ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, kò sì sí èyí tó wúlò fún un nínú gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Àmọ̀kẹ́ jáde sórí àga tó ní táyà. Fèyísọ́lá tì í lọ sí abẹ́ igi kan nínú ọgbà, ó bò ó láṣọ, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

“Kò gbóná,” ó ní. “Kò ta mí. Mo ń retí rẹ̀, mo ń retí rẹ̀, ìgbà tó yá oorun gbé mi lọ. Ṣé òun nìyẹn?”

Fèyísọ́lá ní òun ni.

“Òun ni mo ń sá fún láti ìjọ́sí?”

Fèyísọ́lá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, kò pariwo, ó kàn ń dà lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà kò kúkú le bí òun ṣe rò, bí òun bá ń wá déédéé láti ìsinsìnyí, ṣé ara òun máa yá?

“Bẹ́ẹ̀ ni” ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí Fèyísọ́lá lẹ́nu. Ó rọrùn, ó dùn-ún gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé e mì.

“Rárá, Àǹtí mi,” ó ní. “Kò lè wò yín sàn mọ́. Á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á sì dín ìrora kù. Nígbà tí a kọ́kọ́ wá ni ì bá wò yín sàn, mo sì ti mọ̀ pé ó lè wo ènìyàn sàn láti ìgbà tí mo wá bá yín ní ìsọ̀ kí ẹ fún un lórúkọ. N kò sọ ọ́ torí kí rédíò lè dùn.”

Àmọ̀kẹ́ sún síwájú lórí àga. Ó na ọwọ́ tó ti gbẹ, ó fi gbá orí àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

“O ṣeun,” ó ní. “Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.”

Ó ní kó dìde, kó lọ bá àwọn wá tasí, òun fẹ́ ya ọjà kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Fèyísọ́lá jáde sójú títì. Tasí mẹ́ta kọjá lọ, wọn ò kún, ṣùgbọ́n “O ṣeun” tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ṣì ń dún lẹ́tí rẹ̀, kò sì lè na ọwọ́ dá èyíkéyìí dúró nínú wọn.